Ìwé gbélé-ẹ: gẹ̀ẹ́sì wo ló ní owó nínú?

ỌmọDùgbẹ̀: Ẹ̀yin àgbà, "restructuring", "rightsizing", "redundancy", "termination". Èwo nínú gẹ̀ẹ́sì ìwé gbélé-ẹ wọ̀nyí ló ń mú owó wá fún òṣìṣẹ́?

Lọ́yàBódìjà: "Redundancy" ni òfin mọ̀. Ó wà ní abala 20 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà: kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn pátápátá nítorí pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì sọ ibi tó máa dé. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, àfi tí ọgbọ́n iṣẹ́ tàbí ìṣeéfọkàntán bá yọ ọ́. Ní ti owó, òfin ò dá iye kan, ó kàn ní kí ọ̀gá sapá láti bá wọn dúnàádúrà ni.

ÌyáÌbejì_Mọ́níyà: "Downsizing", ìyẹn dídín òṣìṣẹ́ kù, tó wẹ̀, tó kun àtíkè, ni "rightsizing" 😂

Akọ̀wé_Olúyọ̀lé: Ìyá Ìbejì, ẹ ò parọ́. Ti "termination" yàtọ̀: nótíìsì tàbí owó dípò nótíìsì ni. Tí iṣẹ́ ò bá tíì ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ 1. Kó tó pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1. Ọdún 2 sí ìgbà tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ọdún 5 sókè, oṣù 1. Ẹ tún wo ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, ó lè ju báyẹn lọ.

Tísà_Agodi: Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Labour Act yẹn kàn o. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni. Máníjà, ìwé àdéhùn tirẹ̀ ni kó lọ kà.

ỌmọDùgbẹ̀: Cashier báńkì ńkọ́ sà?

Tísà_Agodi: Akọ̀wé ni.

Challenge_Bánkà: Rárá o. "Officer" ni wọ́n kọ sára káàdì ẹ̀.

Lọ́yàBódìjà: Iṣẹ́ tó ń ṣe là ń wò, kì í ṣe orúkọ ara káàdì.

BàbáÀgbà_Ọ̀jẹ́: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ní 1975, "with immediate effect", ìyẹn lójú ẹsẹ̀, ni wọ́n fi ń lé òṣìṣẹ́ ìjọba lórí rédíò. 1982, "austerity". SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, "retrenchment", ìyẹn dídín òṣìṣẹ́ kù, tẹ̀lé e.

Tísà_Agodi: Bàbá, ẹ má bínú, "retrenchment" ti wà láyé Buhari, 1984.

ÌyáÌbejì_Mọ́níyà: "Lay-off" ńkọ́?

Akọ̀wé_Olúyọ̀lé: Tẹ́lẹ̀, kéèyàn lọ simi ná ni, a ó pè ọ́. Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di lílọ pátápátá. Tí ọjọ́ ìpadà ò bá sí nínú ìwé, ẹ máa wá iṣẹ́ míì. "Voluntary exit", kéèyàn fúnra ẹ̀ gbà láti lọ, ló léwu jù: ẹ má tíì bu ọwọ́ lu "full and final settlement", ìwé pé wọn ò jẹ yín lówó mọ́, títí wọ́n á fi kọ owó ìsinmi tẹ́ ẹ ò lò, gratuity àti péńṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ gba státímẹ́ǹtì lọ́wọ́ PFA, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó péńṣàn yín, kẹ́ ẹ tó dá káàdì ilé-iṣẹ́ padà, torí àwọn kan máa ń yọ owó, wọn ò ní san án síbẹ̀. Owó péńṣàn tó yẹ kó máa wọlé, ó kéré tán, ìdá 8 nínú 100 lára owó oṣù yín, ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹni tí kò tíì pé 50, tí kò ríṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 4, lè gbà tó ìdá 25 nínú 100 níbẹ̀, kò lè jù ú lọ.

Challenge_Bánkà: Ọ̀rọ̀ cashier yẹn ò tíì tán o.

Lọ́yàBódìjà: Industrial Court, ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wà n'Íbàdàn níbí. Ẹ gbé e lọ.