Ẹ jẹ́ ká fi “agbára ọ̀nà” sílẹ̀, owó bodè ni

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jọ ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń ka àríyànjiyàn lórí orúkọ tí a ó máa pe àwọn nǹkan inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa dábàá “afọ̀nàhàn” fún router (ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan fún òmíràn), “ọ̀nà ìpìlẹ̀” fún default route (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bí kò bá mọ ọ̀nà mìíràn), àti “agbára ọ̀nà” fún nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní metric, tí kọ̀ǹpútà fi ń yan ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó já síbì kan náà. Àǹtí wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ fara mọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá fi “ẹnu ọ̀nà àbáwọlé” kún un fún gateway, ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde kúrò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Mi ò bá má dá sí i, torí èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dá èdè, ẹ̀rọ ni mò ń tún ṣe n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n mo ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sára ògiri ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lè máa fi wọ́n kọ́ṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ti ná mi lówó.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan, Raspberry Pi, la gbé sí oko adìẹ oníbàárà wa kan lọ́nà Ìwó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo bí ilé àwọn òròmọdìẹ ṣe gbóná sí, kó sì máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù olóko ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. MiFi, ẹ̀rọ kékeré oní-síìmù tó ń pín Íńtánẹ́ẹ̀tì, ló fi ń jáde, Wáìfáì ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tó yá, olóko ní òun fẹ́ máa mọ bí bátìrì sólà ṣe ń ṣe sí pẹ̀lú. Ọmọ iṣẹ́ mi bá fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan láti ara kọ̀ǹpútà náà bọ inú ínfátà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù olóko ò gbọ́ ohunkóhun mọ́.

Ọmọ náà ò jókòó tẹtẹrẹ. Ó fi ping, àṣẹ tí a fi ń wò bóyá ẹ̀rọ kan á dáhùn, pe MiFi, MiFi jẹ́. Ó pe ínfátà, ínfátà jẹ́. Ó wá pe 8.8.8.8, àdírẹ́sì Google lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́kẹ́ pa. Ó ní dátà ló tán, ó lọ ra dátà. Kò lọ. Ó tún ra síìmù mìíràn, ó ra dátà sórí ìyẹn náà. Owó mi ni o! Ìgbà tó pè mí níkẹyìn, mo ní kó tẹ ip route, àṣẹ tó ń fi àtẹ ọ̀nà inú kọ̀ǹpútà hàn, kó ka ohun tó bá jáde fún mi. Ìlà méjì tó ń jà nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí:

default via 192.168.10.1 dev eth0 metric 100
default via 192.168.8.1 dev wlan0 metric 600

eth0 ni wáyà tó lọ sínú ínfátà, tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 192.168.10.1; wlan0 ni Wáìfáì tó lọ sọ́dọ̀ MiFi, 192.168.8.1. Mo ní, “A ti rí i. Ínfátà lò ń kó gbogbo ẹrù rẹ lé lọ́wọ́.” (Ẹrù ni mo ń pe packet, ègé ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń rán jáde.) Ó ní, “Rárá, ọ̀gá. Agbára Wáìfáì jẹ́ 600, ti wáyà jẹ́ 100. Wáìfáì ló lágbára jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà lọ.”

Mi ò lè bá a wí. Ohun tó wà lára ògiri ló kà. Níbo layé ni ẹni tó ní agbára ọgọ́rùn-ún ti ń dá ẹni tó ní agbára ẹgbẹ̀ta? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yẹn, nọ́ńbà tó bá kéré ló ń borí. NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí Raspberry Pi OS (Linux inú Raspberry Pi) bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, máa ń fún wáyà ní 100, á fún Wáìfáì ní 600, torí ó gbà pé wáyà ló sábà máa ń yá jù. Kò sí bó ṣe máa mọ̀ pé inú àpótí ínfátà ni wáyà tiwa parí sí. Ínfátà ọ̀hún gan-an ló purọ́: bó ṣe ń fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì, ló ń sọ fún un pé ọ̀dọ̀ òun lèèyàn lè gbà dé gbogbo ayé, òun tí kò ní ibì kankan tó já sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n “agbára” dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹ̀yìn. “Òṣùwọ̀n” tí ẹ̀gbọ́n wa láti Lọ́ńdọ̀nù dábàá sàn jù ú lọ, kò ṣi ni lọ́nà. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sọ fúnni bóyá èyí tó pọ̀ là ń wá àbí èyí tó kéré. Ọ̀rọ̀ kan wà lédè wa tó ti gbé ìyẹn sínú láti ilé rẹ̀ wá, òun ni owó bodè. Nígbà tí ìlú ṣì ń mọ odi, oníbodè a jókòó sẹ́nu bodè, a máa gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn èrò ọjà kí wọ́n tó kọjá. Bí bodè méjì bá jọ já síbì kan náà, tí ọ̀kan ń gba ọgọ́rùn-ún, tí èkejì ń gba ẹgbẹ̀ta, ta ló máa béèrè èyí tí alájàpá máa gbà? Mo pa “agbára” rẹ́ lára ògiri, mo kọ “owó bodè” sí i, mo sì bi ọmọ kan tí kò tíì lo oṣù kan lọ́dọ̀ mi léèrè ìlà méjì òkè yìí. Kò ronú tó fi dá mi lóhùn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé kò sẹ́ni tó ń san owó kankan nínú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń fi rúlà wọn nǹkan kan níbẹ̀ náà tí Òyìnbó fi ń pè é ní metric. Ẹlòmíràn lè ní àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ oníbodè. Ṣebí wọ́n mọ tóògéètì? Ọjà Bodè sì wà n'Íbàdàn dòní, tí a ti ń ra ewé àti egbò.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ gateway. Àǹtí, “ẹnu ọ̀nà àbáwọlé” dára fún ilé, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí kọ̀ǹpútà oko yẹn dúró sí: jíjáde ló ń wá. Ẹni tó wà nínú ilé kì í wá àbáwọlé. Bodè ṣe é gbà jáde, ó ṣe é gbà wọlé. Oníbodè ni mo fẹ́ ká máa pe ẹ̀rọ tó jókòó síbẹ̀, 192.168.8.1 ti MiFi níbí yìí. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan ni pé oníbodè á dà bíi kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Aṣọ́bodè là ń pe ìyẹn, ó sì wúlò fún wa níbòmíràn: ẹ jẹ́ ká fi aṣọ́bodè pe firewall, ètò tó ń pinnu ẹrù tó lè kọjá, ká sinmi “ògiri iná” tí mo rí nínú ìwé kan. Ògiri iná kì í tú ẹrù wò kó ní “ìwọ kọjá, ìwọ padà.”

“Afọ̀nàhàn” ńkọ́? Mi ò ní jà lórí rẹ̀, torí ráútà ni gbogbo ọjà ń pè é, òun náà ni màá máa pè é lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé kò fọ̀nà han ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ́kọ́ yan ọ̀nà ni kọ̀ǹpútà tí ẹrù ti ń jáde, nínú àtẹ ọ̀nà tirẹ̀, kí ẹrù tó kúrò nílé. Lẹ́yìn náà ni ráútà kọ̀ọ̀kan ń gbà á lọ́wọ́ èyí tó ṣáájú, á fà á lé èyí tó kàn lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé níwọ̀n ìgbà tí “afọ̀nàhàn” ti jẹ́ ìpè, dandan ni kó wá mú wa lọ. MiFi ò rí ẹrù kankan tó ń lọ síta gbà rárá láti ọjọ́ tí wáyà ti wọlé.

Ní ti default route, “ìpìlẹ̀” ò bá a mu. Ìpìlẹ̀ lèèyàn kọ́kọ́ ń dúró lé. Èyí, òun ni kọ̀ǹpútà ń wò kẹ́yìn. Ọ̀nà tó bá dárúkọ ibi tí à ń lọ pàtó jù ló ń borí. Bí ẹrù bá ń lọ sí 192.168.10.5, ìlà 192.168.10.0/24, tó mú àdírẹ́sì 256 péré, ìyẹn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.10, ni yóò gbé e, kò sì sí owó bodè tó máa yí i padà. Àárín ọ̀nà tó já síbì kan náà nìkan la ti ń fi owó bodè wéra. Ẹrù tí kò bá rí ìlà tó dárúkọ rẹ̀ ló ń bọ́ sọ́wọ́ default. Bí ìyá ṣe ń pín ọbẹ̀ ni: ti bàbá rèé, ti àlejò rèé, ìyókù kẹ́yin ọmọ gbà á. Ọ̀nà ìyókù ni mo ń pè é. Ó sì tètè yé ọmọ iṣẹ́ ìdí tí ọ̀nà ìyókù méjì fi ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ kan.

Ibi tó dùn mí jù nínú àkọsílẹ̀ yín ni tàwọn ìdáhùn tí ping ń fọ̀. “Network is unreachable,” ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí “kò ṣe é dé.” “Destination Host Unreachable,” “kò ṣe é dé” náà ni. Èyí tí kò wí nǹkan kan, tó kàn ń ka iye ẹrù tó sọnù, ẹ tún ní “kò dé.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yà àìsàn mẹ́ta ni, egbòogi wọn ò jọra, Yorùbá sì mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ ká rán ọmọ níṣẹ́ lọ sílé Bàbá Àgbà. Bí ọmọ ò bá kúrò lójú kan, tó ní “mi ò mọ̀nà,” àkọ́kọ́ nìyẹn: àtẹ ọ̀nà ò ní ìlà kankan tó lè gbé ẹrù náà, kò tiẹ̀ jáde nílé, ẹ má wulẹ̀ yẹ MiFi wò. Bó bá dé àdúgbò, tó kígbe orúkọ títí tẹ́nì kankan ò jẹ́, tó padà wá ní “mi ò bá a nílé,” èkejì nìyẹn: ẹ lọ wo bóyá wáyà ti yọ, tàbí àdírẹ́sì ni ẹ ṣì kọ. Ẹ tún wo orúkọ ẹni tó ń jíṣẹ́ yẹn, torí ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tiyín, ó sì lè jẹ́ ráútà kan lọ́nà jíjìn. Bí ọmọ bá lọ tí kò padà, a ò gbúròó rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan ti gbà á lọ́nà, ó dákẹ́. Kò mọ̀nà, a ò bá a nílé, a ò gbúròó. Bó bá jẹ́ pé ohun tó wà lára ògiri mi nìyẹn, ọmọ yẹn ìbá mọ̀ pé ẹ̀kẹta ló ṣe wá, ìbá sì béèrè ta ló gba ẹrù wa tó dákẹ́.

Ohun tó sì ń dáhùn ìbéèrè yẹn kò ju ìlà kan lọ: ip route get 8.8.8.8. Kì í rán ẹrù kankan jáde, ó kàn ń bi kọ̀ǹpútà pé bí mo bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ibo lo máa mú mi gbà? Ó dá wa lóhùn: via 192.168.10.1 dev eth0. Ínfátà nìyẹn. A ò yọ wáyà kúrò, torí olóko ṣì fẹ́ mọ ìròyìn bátìrì rẹ̀. A sọ fún NetworkManager pé ipv4.never-default yes lórí wáyà yẹn, ìyẹn ni pé má gba ọ̀nà ìyókù látọ̀dọ̀ ẹni yìí láéláé. Ìlà 192.168.10.0/24 ṣì wà níbẹ̀ fún ínfátà, ìyókù sì gba ọ̀dọ̀ MiFi lọ. Kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, olóko pè pé òun ti rí i.

Ẹnì kan béèrè ìdí tí mo fi ń pe packet ní “ẹrù,” nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fọwọ́ sí “ìdì.” Ìdì dára jù, ẹnu ṣọ́ọ̀bù ló mọ́ mi lára. Ìtàn ọ̀rọ̀ yẹn tiẹ̀ dùn: Donald Davies, ọmọ Wales tó ń ṣiṣẹ́ ní National Physical Laboratory ní Teddington, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ ọ́ ní packet láàárín ọdún 1960 sí 1970. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ lọ bá onímọ̀ èdè kan kí wọ́n jọ wá ọ̀rọ̀ tí kò ní le láti túmọ̀ sí èdè mìíràn. Ó ṣàánú wa. Ẹni tó sọ metric kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku hop, ìyẹn gbogbo ibi tí ìdì ti bọ́ láti ọwọ́ ráútà kan sí òmíràn, tí traceroute, àṣẹ tó ń tọ ipa ọ̀nà ìdì, máa ń tò sílẹ̀ ní ìlà-ìlà. Mo gbìyànjú “ìsọdá,” àwọn ọmọ iṣẹ́ ò gbà á lẹ́nu. “Bọ́sítọ́ọ̀pù” ni wọ́n ń pè é. Mo ní kí wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ ní ibùdókọ̀, wọ́n ní ó gùn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó tètè fi ránṣẹ́ kó tó mọ́ wọn lẹ́nu.