Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lórí òkè l'Ékìtì, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọdẹ orí òkè, àgàgà àgbọ̀nrín, bí oníkálukú ṣe kọ́ ọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo sọ pé orí òkè torí ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀, èèyàn lè ti máa pa òyà àti òkété ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ láti kékeré, tó bá gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè wá, ẹ̀kọ́ tuntun ló máa kọ́. Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló kọ́ mi, Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn. Eérú ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, eérú ààrò tí wọ́n jọ̀ dáadáa tí wọ́n dì sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ní tí mo bá ti rìn díẹ̀ kí n gbọ̀n ọ́n, kí n wo ibi tó ń fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń lọ tá a máa ń bọ̀, wọ́n á ní "afẹ́fẹ́ ńkọ́?", màá dáhùn, wọn ò ní sọ nǹkan míì.

Afẹ́fẹ́ orí òkè ní àkókò tiẹ̀. Ní ìdájí, tí òtútù ṣì mú tí oòrùn ò tíì yọ, ṣe ló máa ń ṣàn látòkè wá sísàlẹ̀. Tí oòrùn bá ti wá ràn sára òkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ó máa yí padà, á máa gòkè lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ tutù, á tún máa bọ̀ nísàlẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wá ẹran ní ìdájí, ìsàlẹ̀ lẹ ti máa gòkè tọ̀ ọ́ lọ, òórùn yín ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tí oòrùn bá ti ń ta, àfi kẹ́ ẹ ti wà lókè orí ẹ̀ kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Gbogbo iṣẹ́ yòókù, ìbọn o, tọ́ọ̀ṣì o, ẹ̀yìn èyí ló ń tò. Àgbọ̀nrín lè máa wo èèyàn tó dúró jẹ́ẹ́ kó má dá a mọ̀, ṣùgbọ́n tí imú ẹ̀ bá ti gbé òórùn èèyàn, ó parí nìyẹn.

Mo fojú ara mi rí i. A wà lára òkè kan láàárín Ẹ̀fọ̀n sí Òkèmẹ̀sí, kùrukùru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká kúrò nílẹ̀, a rí akọ kan, ara ẹ̀ pupa, tótòtó funfun lára ẹ̀, ìwo ẹ̀ méjèèjì lọ́ díẹ̀ wá sókè, ó ń já ewé jẹ. Igi dí àyà ẹ̀ torí náà Bàbá ò yìnbọn, wọ́n fọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Mo gbọ̀n eérú, ó ń lọ sísàlẹ̀. Oòrùn wá yọ sára àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, eérú yẹn kàn rọ̀ sójú kan, kò lọ sókè kò lọ sísàlẹ̀, Bàbá sì ti ń ti ìbọn bọ èjìká padà. Ká tó mọ̀, afẹ́fẹ́ kan fẹ́ lẹ́yìn ọrùn mi. Ẹran yẹn gbórí sókè, ó gbó. Ẹ gbọ́ mi o, ó gbó bí ajá! Ẹni tí ò bá gbọ́ ọ rí máa rò pé ajá ọdẹ míì ló wọ igbó. Ó fò sẹ́yìn òkúta, a ò rí i mọ́. Inú Bàbá ò bàjẹ́ rárá, wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí n rí gan-an nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní torí kò sí ẹnu tó lè sọ ọ́ tó máa yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Ìyá Onílá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ Ẹ̀fọ̀n. Obìnrin ni mí, Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà, oko mi wà lẹ́bàá òkè, ilá àti ẹ̀wà ni mo ń gbìn síbẹ̀. Èmi ò yìnbọn ṣùgbọ́n mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀, torí nǹkan kan ń jẹ ewé ẹ̀wà mi, ẹni gbogbo sì ń sọ pé òyà ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ ọdẹ ló tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀. Ọkọ mi yìí (gbogbo àwọn tí mo bá nílé ni mò ń pè ní ọkọ mi, ẹ má dà á rú o) bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n já ewé kan, wọ́n ní "ìyàwó, wo ẹnu ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́". Etí ẹ̀ ya wùruwùru. Wọ́n ní tó bá jẹ́ òyà ni, á gé igi ẹ̀ gẹ́rẹ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí eyín iwájú ẹ̀ mú lókè mú nísàlẹ̀. Àgbọ̀nrín ò ní eyín iwájú lókè, bíi ti ewúrẹ́ ló rí, ṣe ló máa ń fà á ya. Wọ́n tún wá ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ rí lẹ́bàá odò kékeré tó wà níbẹ̀, pátákò méjì, ṣóńṣó iwájú ẹ̀ ló ń fi ibi tó gbà lọ hàn. Wọ́n ní ti ẹtu náà jọ ọ́ ṣùgbọ́n ó kéré jù ú lọ gan-an. Ìgbẹ́ ẹ̀ náà wà níbẹ̀, kóró kóró, ó dúdú ó ń dán, wọ́n ní èyí tó bá ti gbẹ tí àwọ̀ ẹ̀ ti ṣí, ẹran yẹn ti lọ tipẹ́, ká má da ara wa láàmú.

Ìyeyè kan wà lókè oko yẹn, àsìkò tí èso ẹ̀ ń jábọ́ ni. Ọkọ mi to igi sórí ẹ̀ka kan tó dojú kọ ọ́, wọ́n gẹ̀gùn síbẹ̀, mo ní mo máa bá wọn jókòó, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, ìgbà tó yá wọ́n gbà. Wọ́n ní kí n má fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, kí n má sì pa ìpara kankan. Ẹ̀fọn jẹ wá! Ṣùgbọ́n ẹran yẹn wá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, òun nìkan, mo ti rò pé wọ́n máa ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ewúrẹ́, àṣé òun nìkan ló máa ń rìn. Ìgbà tá a kun ún, ewé ẹ̀wà mi ló kún ikùn ẹ̀. Láti ọjọ́ náà tí mo bá ti wọ oko, ẹnu ewé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ọdẹ Òru Òkèmẹ̀sí

Ìyá Onílá, ẹ káre gan-an. Òru lèmi kọ́ ti tèmi, ohun tí mo bá wá ò ju ọ̀rọ̀ ojú lọ.

Tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì orí sínú igbó, ojú ẹran máa dán padà. Ojú àgbọ̀nrín máa dán, ti màlúù máa dán, ti ewúrẹ́, ti ajá, gbogbo wọn náà ni. Ojú èèyàn kì í dán bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló léwu, torí ẹ lè rí ojú ajá kẹ́ ẹ má rí ọdẹ tó ni ajá tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀gá mi bú mọ́ wa létí títí ni, "ojú kì í ṣe ẹran, ara ni ẹran". Tí mi ò bá rí orí, tí mi ò rí ọrùn, tí mi ò rí àyà, mi ò gbọ́dọ̀ kó ìka sí ìbọn. Mo ti jẹ́ kí ojú kan lọ lórí òkè nítorí òfin yìí, a tún lọ wo ibẹ̀ láàárọ̀, ojú ẹsẹ̀ ajá àti ojú bàtà èèyàn la rí nílẹ̀, ẹnì kan àti ajá ẹ̀ ló gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko ẹ̀ ní ìdájí. Ara mi gbọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lọ.

Òkè tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àpáta pọ̀ níbẹ̀, ọta tó bá ba àpáta máa ń ta padà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí. Ẹran tó bá sì dúró sórí góńgó òkè tí ojú ọ̀run nìkan wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ò mọ abúlé tó wà lódì kejì. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń pàdé kí ilẹ̀ tó ṣú, oníkálukú á sọ òkè tó ń lọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ yà sí ti ẹlòmíì.

Ti òṣùpá náà, tó bá ti mọ́lẹ̀ rokoṣo, èmi máa ń sùn sílé. Ẹ̀rù máa ń ba ẹran, wọn kì í fẹ́ jáde síbi tó la. Ṣakabùlà ni mò ń lò, kùrukùru òkè máa ń mú ẹ̀tù tutù, ẹ rọra fi ọ̀rá dì í.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó

Ẹ ṣeun púpọ̀ ẹ̀yin àgbà. Adó ni mo wà, kò sí ọdẹ kankan nílé wa, ó wù mí gan-an láti kọ́ ọ. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n ra ìbọn ná?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Rárá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ṣakabùlà gan-an ó ní láísẹ́ńsì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, lásìkò tá a wà yìí sì rèé, tí àwọn ajínigbé ń da igbó rú, tí wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ ọdẹ sí Àmọ̀tẹ́kùn láti 2020, ẹni tí wọn ò mọ̀ tó gbé ìbọn wọ igbó ń wá wàhálà ni. Ìlú tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ béèrè Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ ibẹ̀, ẹ mú obì dání, ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ àti ilé tẹ́ ẹ ti wá. Wọ́n á wá ẹni tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé fún yín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wọn tí wọ́n bá ń sun ìjálá, ìwà ẹran pọ̀ nínú ẹ̀, ibẹ̀ lèmi ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹran tí mi ò tíì fojú rí.

Ohun tó ń dùn mí lọ́kàn jù ni mo máa fi kún un. Àgbọ̀nrín ń tán lórí àwọn òkè wa. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lóyún, ọmọ kan péré ni wọ́n sì ń bí. Ìyá máa ń fi ọmọ ẹ̀ pamọ́ sínú igbó, á máa wá fún un lọ́mú, á tiẹ̀ máa jẹ ìgbẹ́ ọmọ yẹn kí ẹranko míì má baà gbóòórùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa ìyá yẹn, ọmọ ẹ̀ máa kú síbi tó sùn sí, ẹ̀yin ò sì ní mọ̀. Akọ nìkan ló ń ní ìwo, nítorí náà ẹ wo orí kẹ́ ẹ tó yìn ín, tí kò bá sí ìwo níbẹ̀ ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bàbá ò gba ẹnikẹ́ni tí ò lè ṣèyẹn lọ́mọ iṣẹ́, èmi náà ò ní gbà á.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ l'Ẹ́fọ̀n, ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní eyín torí àpáta ibẹ̀ máa ń yọ̀ tí ìrì bá sẹ̀, ẹ gbé omi dání, ẹ sì jẹ́ kí ará ilé yín mọ ẹni tẹ́ ẹ tẹ̀ lé.