Tẹràsò bàbá wa ti ń họ, Iléyá sì ti ń sún mọ́lé: kí ni kí n ṣe?

Àkọ́bí_Ìjẹ̀búÒde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé ni mo gbé wá. Èmi ni mò ń tọ́jú ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí, torí Èkó àti òkè òkun làwọn àbúrò mi fi ṣe ibùgbé. Pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ tẹràsò, aláwọ̀ ewé àti funfun, ìlà gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pààlà sí àárín wọn. Yàrá méjì tí a kọ́ kún un lẹ́yìn ló ní táìlì. Mo fẹ́ràn tẹràsò yẹn dénú. Bàbá wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ní báyìí, abẹ́ àga ìjẹun ti kún fún ìlà funfun. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ilé ìdáná, dídán ilẹ̀ ti lọ, ipa ẹsẹ̀ ti hàn bí ojú ọ̀nà oko. Táìlì náà ní àwọn ìlà dúdú tí kò ṣeé fọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tó jẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba, ilé wa ni régbérégbé màmá wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí wọn, máa ń péjọ sí. Àga onírin tí a háyà ló máa ń kún pálọ̀, wọ́n á sì wọ́ fìríísà láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Ẹnì kan ní kí n ra ásíìdì kí n fi fọ̀ ọ́. Ẹlòmíì ní kí n kúkú lẹ táìlì lé e lórí. Ti táìlì yẹn ò ní ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Alátẹràsò_Ìpẹru

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣàgámù ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tẹràsò, mo sì ń ṣe é títí di òní. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ásíìdì kan ilẹ̀ yẹn rárá. Sìmẹ́ǹtì àti wóró mábù ni tẹràsò, irú mábù tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì, ásíìdì sì ń jẹ méjèèjì. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán, bó bá ta sí i, ẹ ó rí i tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá nù ún tán, ojú ibẹ̀ á ti kú. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá le ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ fíìfíì.

Ipa ẹsẹ̀ tí ẹ sọ yẹn, yanrìn ló fà á. Kì í ṣe ẹsẹ̀ èèyàn ló ń jẹ ilẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ méjì: èyí tó le síta, èyí tó rọ̀ sínú, kí ẹ sì máa gbọn méjèèjì lójoojúmọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹní tí yanrìn ti kún ò gba nǹkan kan mọ́. Ẹ gbálẹ̀ dáadáa kí ẹ tó nù ún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ló máa ń ki àkísà bọ omi kí wọ́n tó gbálẹ̀, wọ́n á wá máa fi àkísà yẹn wọ́ yanrìn káàkiri pálọ̀.

Fún ẹsẹ̀ àga, ẹ gé fóòmù sílípáàsì tó ti gbó, ẹ fi gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmékà lẹ̀ ẹ́. Ẹ má lo túùbù dúdú, ó máa ń yọ dúdú sílẹ̀. Ẹ máa yí àga wò látìgbàdégbà: bí yanrìn bá ti rì sínú fóòmù, ó ti di bébà oníyanrìn ìfági nìyẹn, ẹ ṣí i kúrò, ẹ lẹ òmíràn.

Ẹ má wọ́ fìríísà lórí ilẹ̀ lásán. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ kúrò, ẹ gbé e lé bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣẹ́ po, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fà.

Olùkọ́fẹ̀yìntì_ÀgọÌwòyè

Òótọ́ lọ̀rọ̀ alátẹràsò. Friedrich Mohs, ará Jámánì, gbé òṣùwọ̀n líle òkúta kalẹ̀ ní 1812, láti 1 dé 10. Mábù wà ní nǹkan bíi 3, ọ̀pọ̀ yanrìn wa sì wà ní 7. Yanrìn le ju irin ọ̀bẹ pàápàá lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń họ táìlì náà.

Onígàárì_ÌjẹbúIgbó

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba omi ẹ̀gẹ́. Gàárì Ìjẹ̀bú kì í kan láìjẹ́ pé ẹ̀gẹ́ pẹ́ nínú àpò, omi tó sì ń ro jáde lára rẹ̀, kíkan ni. Ẹ wá wo búkà tí a ti ń fún ẹ̀gẹ́ níbí: ibi tí omi ń gbà kọjá, sìmẹ́ǹtì ti jẹra, òkúta wẹ́wẹ́ ti yọ síta, bí ẹ bá fi àtàǹpàkò ra á, á bù sí yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń fún ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kó gbé agbada sábẹ́ àpò. Kò gbọ́dọ̀ ro sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹràsò láéláé.

Epo pupa náà ńkọ́? Bó bá dà sórí tẹràsò níbi tí ẹ ti ń bu ìkọ́kọrẹ́, ẹ má sáré da omi lé e. Ẹ fi bébà gbe é, ẹ bu ìyẹ̀fun láfún lé e dáadáa, kó sùn síbẹ̀. Láfún á fa epo náà mu. Ẹ gbá a lówùúrọ̀, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Odó náà, táyà tó ti gbó ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé.

Àkọ́bí_Ìjẹ̀búÒde

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Alátẹràsò, ṣé dídán tó ti lọ yẹn ṣì lè padà? Ìlà dúdú orí táìlì ńkọ́?

Alátẹràsò_Ìpẹru

Ó lè padà, Ìyá. Àwọ̀ tẹràsò wọ inú rẹ̀ lọ, kì í ṣe ojú òkè nìkan, ìdí nìyẹn tí a fi lè lo ẹ̀rọ tún un lọ̀. Táìlì tí ojú rẹ̀ bá ti bó kò ní irú àǹfààní yẹn. Àmọ́ ẹ má ṣe é kí Iléyá tó dé, ẹrẹ̀ rẹ̀ pọ̀, gbogbo ẹrù pálọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kúrò. Ní báyìí, ọṣẹ tí kò le àti omi mímọ́ ti tó. Ẹ má fi pólíìṣì kùn ún nípọn, kí ó má baà yọ̀ àwọn àgbà ṣubú.

Ní ti táìlì, ẹ fi èékánná wọ́ ojú ìlà dúdú yẹn. Bí èékánná ò bá kọ́ ibẹ̀, kì í ṣe ojú táìlì ló họ, irin ẹsẹ̀ àga ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọkòkò oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ lórí táìlì nìkan, ẹ má gbé e dé orí tẹràsò.

Tí àwọn aláháyà bá dé, ẹ ní kí wọ́n yí àga kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú ọkọ̀. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ bá ti jábọ́, ẹ dá a padà fún wọn.