Kòkòrò mú pacemaker màmá mi, ṣé dandan ni kí wọ́n yọ ọ́?

ỌmọÌyá_Ẹ̀kọ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ̀ nípa àìsàn ọkàn, ẹ gbà mí o. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fi pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn máa lù déédéé, sí màmá mi láyà, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa àfi bójú ibẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó pọ́n, omi ń sun jáde. Ọsibítù táa kọ́kọ́ lọ fún wọn ní áńtíbáyótíìkì oníhóró, ó rọlẹ̀, ó tún padà wá, wọ́n ní láàbù ò rí nǹkan kan. Ibi táa wà báyìí ní Mycobacterium fortuitum ni, pé ó bá kòkòrò ikọ́ ife tan, wọ́n fẹ́ yọ ẹ̀rọ náà àti waya ẹ̀ pátá. Ṣé màmá mi ti ní ikọ́ ife ni? Ṣé abẹ́rẹ́ ò lè pa á ni? Wọ́n ti lé ní 70, iṣẹ́ abẹ yẹn ń bà mí lẹ́rù.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù_Ọkàn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wo màmá sàn. Kì í ṣe ikọ́ ife o. Inú ilẹ̀ àti omi, títí kan omi ẹ̀rọ, ni fortuitum ń gbé. Kòkòrò míì tó ń jẹ́ Staphylococcus ló sábà ń mú ẹ̀rọ ọkàn, òun làwọn dókítà kọ́kọ́ ń rò. Tí fortuitum bá ti lẹ̀ mọ́ irin àti waya, á yọ̀ bí ewédò inú ìkòkò omi, á fara pamọ́ sínú ẹ̀, oògùn ò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rọlẹ̀ tó tún ń padà. Àfi kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀, kó má ku waya kankan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fa omi ibẹ̀, ó lè ti kòkòrò míì wọlé.

Ará_Láàbù: Fortuitum lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó hù ní láàbù, láàbù tó bá da omi ọgbẹ́ tó ń yẹ̀ wò nù lọ́jọ́ kejì ò lè rí i. Ẹ má gbà kí wọ́n kàn gbé oògùn ikọ́ ife fún wọn, isoniazid àti rifampicin kì í ràn án. Láàbù ló máa sọ oògùn tó máa pa á, amikacin àti ciprofloxacin sábà máa ń wà níbẹ̀, méjì pa pọ̀ ó kéré tán, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Amikacin lè ba kídìnrín àti etí jẹ́, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò.

ỌmọÌyá_Ẹ̀kọ́: Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ ṣeun sà. Tí wọ́n bá wá yọ ọ́, kí ló máa gbé ọkàn wọn dúró?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù_Ọkàn: Tí ọkàn wọn ò bá lè dá ṣiṣẹ́, wọ́n á ti waya onígbà díẹ̀ tó ń mú ọkàn lù gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti mọ́ fún ó kéré tán wákàtí 72, tójú ọgbẹ́ náà sì dáa, wọ́n lè fi tuntun sí apá kejì àyà, àwọn míì ò tiẹ̀ nílò ẹ̀ mọ́, ẹ bi dókítà. Ẹ tún bi wọ́n bóyá oníṣẹ́ abẹ ọkàn máa wà nítòsí lọ́jọ́ náà, torí waya tó ti pẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ iṣan, iṣan lè ya. Tí wọn ò bá ní, ẹ ní kí wọ́n darí yín síbi tí wọ́n ti ní in.