Ọjọ́ kan péré ní Cape Town: ṣé a lè dé Cape Point ká sì padà lásìkò?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Aago 7 àárọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi wa máa gúnlẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ti wọlé padà ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ó wù mí kí màmá mi wo òkun láti Chapman's Peak Drive, ọ̀nà kìlómítà 9 tó ní kọ́nà 114, kí wọ́n rí àwọn pẹńgúìnì ní etíkun Boulders, ká tó lọ sí Cape Point, òkè tó yọ sínú òkun. Orúnkún ń dùn wọ́n. Ọwọ́ mi ni wọ́n máa ń dì mú pinpin tí wọ́n bá ń sọ̀ àtẹ̀gùn. Tí wọ́n bá wọ rélùwéè kékeré tó ń gun òkè ibẹ̀, ṣé àtẹ̀gùn ṣì pọ̀ níwájú? Tí wọ́n bá sì ti Chapman's Peak pa lọ́jọ́ náà ńkọ́, ọ̀nà wo ló yá? Ẹ̀rù kí ọkọ̀ má fi wá sílẹ̀ ló ń bà mí jù.