Àbọ̀ lórí abo ẹja betta mi: ara rẹ̀ ti yá

Ẹ kú ìdúrótì o. Abo betta mi tí mo sọ fún yín níjelòó pé kò jẹun mọ́, tó ká lẹbẹ mọ́ra sí ìsàlẹ̀ omi, tí ikùn rẹ̀ sì wú, òtútù ọyẹ́ ló mú un! Ní Kubwa l'Ábújá níbí, témómítà inú omi rẹ̀ ka dígírì 19 láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ 25 sí 27 ló bá a lára mu. Mo ra híítà. Bí iná bá lọ, mo máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé gíláàsì tí mo ń sìn ín sí. Lọ́jọ́ kẹrin ló rọra gòkè, ó gbé tanwíjí kan mì káló. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

Ikùn tó wú yẹn, ẹyin ni lóòótọ́: àmì funfun bíńtín ti yọ lábẹ́ rẹ̀. N kò ní tíì kó o pọ̀ mọ́ akọ, kó kọ́kọ́ lókun ná. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n fi témómítà wo omi, ẹ ṣeun gan-an.