Kọmíṣọ́nnà, mínísítà, igbákejì gómìnà: ta ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀ kó tó du àga ọ̀gá rẹ̀?

Ojúlówó_Kàbà béèrè:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ìdìbò gómìnà Kogi lọ́dún 2027 ti gba ẹnu kan láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Lọ́kọ́jà, ṣùgbọ́n ohun tí oníkálukú ń sọ ò bára mu. Àwọn kan ní kọmíṣọ́nnà tó bá fẹ́ du ipò gómìnà gbọ́dọ̀ kúrò ní ọ́fíìsì ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, ṣáájú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ni, pé ohun tó lé àwọn mínísítà Buhari jáde lọ́dún 2022 nìyẹn. Ẹlòmíràn tún ní igbákejì gómìnà ni àrólé, pé òun nipò kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ta ló gbọ́dọ̀ fipò sílẹ̀, ìgbà wo sì ni? Bí gómìnà bá kú tàbí tí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé àgbà kọmíṣọ́nnà lè gorí àga? Kí ló sì dé tí ẹni tó sún mọ́ ọ̀gá jù kì í sábà jogún rẹ̀? Ẹ má fi ẹgbẹ́ òṣèlú dá mi lóhùn o. Ìwé òfin àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ni mo fẹ́.

Amòfin_Ìjùmú:

Òfin méjì lẹ pò pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ò fi bára mu.

Ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n ń sọ wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 182(1)(g). Ẹni tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, yálà ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti du ipò gómìnà àfi tó bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Abala 318 ló ka àwọn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ti àjọ tí òfin dá sílẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò dárúkọ kọmíṣọ́nnà níbẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò sì ń jiyàn lé e lórí. Ẹni tó bá gbọ́n á ka ara rẹ̀ mọ́ wọn, torí ọjọ́ tí ìdíje bá parí ni alátakò máa hú u jáde.

Èkejì ni abala 84(12) nínú òfin ètò ìdìbò tí Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2022, tí òfin ọdún 2026 ti rọ́pò báyìí. Ó ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yàn sípò òṣèlú, ní ìpele yòówù, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣojú tó ń dìbò níbi àpéjọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ fa olùdíje kalẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dìbò fún un níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: kò dá ọjọ́ kankan. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí o bá dúró níbi ìdìbò abẹ́lé tó o ṣì wà nípò, ìbò rẹ ti lábùkù.

Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Umuahia fagi lé e ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2022, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ tó wà nínú ìwé òfin ti tó. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Àbújá da ìdájọ́ yẹn nù ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Buhari ní kí mínísítà tó bá ń du ipò kọ̀wé sílẹ̀, kó tó di ọjọ́ 16. Nígbà tí ẹjọ́ tí ààrẹ fúnra rẹ̀ pè dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù kẹfà, wọ́n lé e síta: ẹni tó fọwọ́ sí òfin ò lè yí padà wá bá a ṣẹjọ́.

Amaechi, Akpabio, Onu àti Nwajiuba kọ̀wé sílẹ̀. Malami, tó fẹ́ du gómìnà Kebbi, àti Ngige ronú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n jókòó sórí àga wọn. Osinbajo ò kọ̀wé kankan, kò sì sẹ́ni tó lè fipá mú un, torí ìbò ló gbé igbákejì ààrẹ wọlé, kì í ṣe ìyànsípò. Bákan náà ló rí fún igbákejì gómìnà. Kọmíṣọ́nnà, akọ̀wé ìjọba, olórí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì gómìnà àti olùdámọ̀ràn pàtàkì ni abala 84(12) bá wí.

Àbájáde rẹ̀ ńkọ́? Níbi ìdìbò abẹ́lé APC fún ipò ààrẹ lọ́dún 2022, Tinubu, tí kò di ipò ìjọba kankan mú nígbà náà, ní ìbò 1,271. Amaechi ní 316, Osinbajo 235, Yahaya Bello, gómìnà tiwa nígbà náà, 47. Akpabio ti yẹ̀bá fún Tinubu kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló di ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ẹni tó yẹ̀bá lásìkò tó yẹ ló jèrè jù láàárín gbogbo mínísítà yẹn.

Akọ̀wé_Wọ́ọ̀dù:

Ẹ̀gbọ́n amòfin ti sọ ìgbà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Abala 306 ní ìfipòsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wákàtí tí ìwé bá tẹ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ́wọ́, tàbí ẹni tó fún láṣẹ láti gbà á. Kò dìgbà tí gómìnà bá ní òun gbà. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sí i, kí ẹ gbé e padà lọ́wọ́ ara yín. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí tí wọ́n kọ ọjọ́ tó ti kọjá sí, ni alátakò máa ń fẹ́ràn jù. Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ ni owó oṣù: ẹni tó ní òun kúrò ní oṣù kejì, tí báǹkì sì fi hàn pé owó oṣù kẹta àti ìkẹrin ṣì wọlé, ti fún ọ̀tá ní ẹ̀rí. Kó dá owó náà padà sápò ìjọba, kó gba rìsíìtì. Mọ́tò, ẹ̀ṣọ́ àti kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì náà ńkọ́? Ẹ kọ ìwé ìfàléniwọ́, kí ẹni tó gbà wọ́n bu ọwọ́ lù ú.

Lábẹ́ òfin 2022 yẹn kan náà, ẹgbẹ́ ní láti fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí INEC ó pẹ́ tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé, kó sì fún INEC ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 21 pé àpéjọ ń bọ̀. Ẹni tó ń fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ síbòmíràn torí pé wọ́n já a jù sílẹ̀, kó ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú òfin tó wà lóde kó tó ṣí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìgbésẹ̀ lórí 2027, kó wá òfin tó bá wà lóde lásìkò náà kà fúnra rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kì í jẹ́ kí òfin ìdìbò tutù kí wọ́n tó tún un ṣe.

Bí wọ́n bá sì fi yín hùwà àbòsí ní ìdìbò abẹ́lé, ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti dé ilé ẹjọ́, láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ (abala 285(9)). Ìgbìmọ̀ ẹ̀hónú ẹgbẹ́ ò dá aago yẹn dúró. Ẹni tó bá jókòó de àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ láti parí ìjà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ló máa mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ti tì.

Ọmọ_Mopa:

Lórí pé bóyá àgbà kọmíṣọ́nnà lè gorí àga: rárá. Kò sí ẹyọ kọmíṣọ́nnà kan nínú ọ̀wọ́ náà. Abala 191 ní tí gómìnà bá kú, tó kọ̀wé sílẹ̀, tí àìsàn dè é mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n yọ ọ́, igbákejì rẹ̀ ló kàn. Tí àga méjèèjì bá ṣófo, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ á dì í mú, kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún dìbò. Ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ yìí ni Clarence Olafemi gbà di adelé gómìnà lọ́dún 2008, nígbà tí ilé ẹjọ́ fagi lé ìbò Ibrahim Idris. Ọmọ Okun, ìyẹn Yorùbá Kogi, ni, olórí ilé ìgbìmọ̀ sì ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Kogi sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, Okun kankan ò tíì gba ibi ìbò gorí àga yẹn.

Òfin kedere ò ní kí ìjà má wáyé. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2012, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní sáà Ibrahim Idris ti parí, gómìnà méjì ni wọ́n búra fún ní Lọ́kọ́jà lọ́jọ́ kan náà: Idris Wada tó wọlé ìbò ní oṣù kejìlá 2011, àti olórí ilé ìgbìmọ̀, Abdullahi Bello.

Ti 2015 ló wá dun Okun jù. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá. Abubakar Audu ní 240,867, Wada ní 199,514. Ìyàtọ̀ jẹ́ 41,353, ṣùgbọ́n orúkọ olùdìbò tó wà ní ibùdó 91 tí wọ́n fagi lé jẹ́ 49,953, INEC bá ní ìbò ò tíì parí. Ọjọ́ kejì ni Audu kú. Faleke, ọmọ Ekinrin-Adde tó jẹ́ igbákejì olùdíje, ní abala 181 fún òun ní àga: tí ẹni tí wọ́n dìbò yàn bá kú kó tó búra, igbákejì rẹ̀ ni wọ́n máa búra fún. Kókó ọ̀rọ̀ wà nínú «dìbò yàn». INEC ò tíì kéde ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ APC mú Yahaya Bello tó ṣe ipò kejì ní ìdìbò abẹ́lé, wọ́n parí ìbò ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án 2016. Ìkéde tí ẹnì kan ò tíì ṣe ni Faleke pàdánù sí.

Ọ̀dọ́_Búnú:

Ẹ má gbàgbé pé wọ́n lè yọ igbákejì náà. Simon Achuba, igbákejì Yahaya Bello, rí i.

Ọmọ_Mopa:

Òótọ́ ni, àbúrò. Aṣòfin 25 ló wà ní Lọ́kọ́jà. Ìwé ẹ̀sùn ń fẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn 9. Ìpinnu láti ṣèwádìí ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, 17. Adájọ́ àgbà á yan èèyàn méje láàárín ọjọ́ méje, wọ́n sì ní oṣù mẹ́ta. Tí wọ́n bá ní ẹ̀sùn ò fìdí múlẹ̀, ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 2019, ìgbìmọ̀ náà ní ẹ̀sùn ò fìdí múlẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ ṣì yọ Achuba lọ́jọ́ yẹn kan náà. Edward Onoja, olórí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì gómìnà, ló rọ́pò rẹ̀.

Àgbà_Yàgbà:

Onoja yẹn ni ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ Bello jù ú lọ, ó sì ti di igbákejì. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2023, Usman Ododo, olùyẹ̀wé owó àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀, ni tíkẹ́ẹ̀tì APC bọ́ sí lọ́wọ́.

Èrò tèmi rèé: ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ti ní agbo tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù 239, ó ti ní ọ̀tá láàárín àwọn kọmíṣọ́nnà yòókù. Bí ọ̀gá bá gbé e fún un, àwọn yòókù á tú ká. Bí ó bá gbé e fún ẹni tí kò lágbo, gbogbo wọn á bínú díẹ̀, wọn á sì dúró. Ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ò tíì kúrò lọ́kàn olóṣèlú. Lọ́dún 1959 ni Akíntọ́lá, igbákejì olórí ẹgbẹ́, jogún ipò olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ní oṣù karùn-ún 1962 wọ́n ti ń fi àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. (Àwa ò sí níbẹ̀, Àríwá ni wọ́n kó ẹkùn Kàbà sí.)

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò, torí ọ̀pọ̀ ọmọ Okun kì í ṣe é. Abala 179 ní kí gómìnà ní ìbò tó pọ̀ jù, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀. Kogi ní 21, nítorí náà 14 ni. Nínú ẹkùn mẹ́ta Kogi, Ìlà Oòrùn, níbi tí ilẹ̀ Ìgalà wà, ní 9, Àárín Gbùngbùn 5: àwọn méjèèjì nìkan ti pé 14 géérégé. Ìwọ̀ Oòrùn ní 7, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́kọ́jà àti èyí tó ń jẹ́ Kogi wà nínú rẹ̀, wọn kì í ṣe ti Okun nìkan. Àwa àti Àárín Gbùngbùn jẹ́ 12, ó ku méjì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ Okun tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì láìní ìjọba ìbílẹ̀ méjì lápò ní ilẹ̀ Ìgalà, òfúùtùfẹ́ẹ̀tẹ̀ ni.

Níbi ìdìbò gómìnà ọdún 2023, Dino Melaye ní 46,362 nínú PDP, Leke Abejide ní 21,819 nínú ADC. Ọmọ Okun làwọn méjèèjì. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 68,181. Ododo ní 446,237, Murtala Ajaka ti ẹgbẹ́ SDP ní 259,052.

Ojúlówó_Kàbà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ó ku kékeré kan: tí ọ̀gá bá ní kí gbogbo wọn yẹ̀bá fún ẹnì kan, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu tó?

Akọ̀wé_Wọ́ọ̀dù:

Kò tó. Abala 84(9) nínú òfin 2022 béèrè ìwé láti ọwọ́ gbogbo olùdíje tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò tó sì yege: pé òun yẹ̀bá fínnúfíndọ̀, pé òun sì ti ẹni náà lẹ́yìn. Lábẹ́ òfin yẹn, tí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀ láti bu ọwọ́ lù ú, wọ́n ní láti dìbò. Ẹni tí wọ́n bá pè sí ìpàdé ní òru, kó má bu ọwọ́ lu bébà tí wọn ò kọ nǹkan sí.